Ṣáásì wo, ẹ́ńjìnnì wo? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó sanwó

Adé_Laurel

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ìdíje ló gbé mi wá, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i kí n tó tọwọ́ bọ àpò.

Laurel ní Maryland ni mò ń gbé, ọmọ ọdún 38 ni mí. Ọdún méjì rèé tí mo ti ń gbé Mazda tí mo ń wà lọ síbi iṣẹ́ lọ sáré láàárín àwọn kóònù lọ́jọ́ Àìkú. Oníkálukú ló ń dá sáré níbẹ̀, aago la ń bá díje. Ní báyìí, èèyàn ni mo fẹ́ bá díje. Mo fẹ́ kí ẹnì kan wà níwájú mi, kí ẹnì kan wà lẹ́yìn mi, ní pápá ìdíje Summit Point ní West Virginia. Èmi àti ìyàwó mi ti jọ fẹnu kò sí dọ́là 15,000 fún ọdún àkọ́kọ́: mọ́tò, aṣọ, táyà, owó ilé-ẹ̀kọ́, gbogbo ẹ̀ pátá. Kò ní lé kọ́bọ̀.

Ohun tí mo rí nìyí. Ọkùnrin kan ní Pennsylvania ń ta ṣáásì Formula Vee àtijọ́ kan, mọ́tò eré tí wọ́n ń fi ẹ̀yà Volkswagen ìjàpá kàn, ní dọ́là 3,500. Ṣáásì onípáípù ni, bọ́dì rẹ̀ wà, iwájú rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ tà. Èrò mi ni kí n ra ẹ́ńjìnnì Honda K20 láti ara Acura kan tó ti forí sọ nǹkan, èyí tó ń mú họ́ọ̀sìpawa 200 wá láìtíì fọwọ́ kàn án, kí n wá jó ìjókòó rẹ̀ mọ́ ṣáásì náà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà ló dáa jù, Suzuki GSX-R 600, torí ó fúyẹ́, gíà mẹ́fà sì ti wà nínú ẹ̀. Mo mọ iná mànàmáná dáadáa torí iṣẹ́ mi nìyẹn, mo sì ti fi oṣù mẹ́ta kọ́ bí wọ́n ṣe ń jó irin.

Mo ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 2, mo wọn pọ́ùn 215. Gáréèjì mi gba mọ́tò kan. Mo ní ọkọ̀ akẹ́rù Toyota Tacoma, n kò tíì ní tírélà.

Èwo ni kí n mú nínú ẹ́ńjìnnì méjèèjì? Àbí ẹ̀ ń rí nǹkan tí èmi kò rí?

Káyọ̀dé_Dartford

Ọ̀gá Adé, ẹ kú ìmúra. Dartford ni mo wà, ní ìpínlẹ̀ Kent, pápá ìdíje Brands Hatch kò jìnnà sí ilé mi rárá.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà kúrò nílẹ̀ ná, torí ojú mi ti rí i. Ní 2014 mo ra mọ́tò onípáípù kan tí ẹnì kan kàn nílé ara rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà 1000cc ló wà nínú ẹ̀. Eré rẹ̀ dùn, ohùn rẹ̀ dùn. Mo gbé e lọ sí pápá ìdíje Snetterton ní Norfolk. Kọ́nà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Coram. Ọ̀tún ló ń yí sí, ó gùn, ẹ ó máa rò pé ó ti tán, kò ní tíì tán. Ìgbà kẹrin tí mo wọ̀ ọ́ ni iná ọ́ìlì tàn. Kí n tó gbẹ́sẹ̀ sókè, bíárìn ti lọ.

Ìdí ẹ̀ rèé. Ọ̀kadà máa ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bó bá ń yí kọ́nà, nítorí náà ọ́ìlì kì í kúrò níbi tí pọ́ǹpù ti ń fà á. Mọ́tò kì í tẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọ́ìlì á sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, pọ́ǹpù á wá máa mu afẹ́fẹ́. Irin pẹlẹbẹ wà tí wọ́n ń tò sínú páànù láti dá ọ́ìlì dúró, àwọn mìíràn sì ń gbé ọ́ìlì lọ sínú táǹkì ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n owó ni gbogbo rẹ̀, ẹ kò sì kà á mọ́ 15,000 yín. Ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà kò tún ní gíà ẹ̀yìn. Bí mọ́tò bá pòòyì tí imú rẹ̀ kọjú sí ògiri táyà, ẹ ó jókòó síbẹ̀ ni, títí èèyàn á fi wá tì yín.

Formula Ford ni mò ń wà báyìí, Van Diemen ti 1991 pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì Ford Kent 1600. Brands Hatch níbí ni wọ́n ti kọ́kọ́ sá irú eré yìí, ní July 1967. Owó tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìdíje ń ná lórí ẹ́ńjìnnì eré ti pọ̀ jù, ni wọ́n bá mú ẹ́ńjìnnì Ford Cortina, èyí tí gbogbo èèyàn ń wà lọ sọ́jà, wọ́n fi í sẹ́yìn ṣáásì eré. Kò sí ìyẹ́ kankan lára rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ lè fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, họ́ọ̀sìpawa rẹ̀ lé díẹ̀ ní 100. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ awakọ̀ ló kù.

Ẹ̀yin náà ní i l'Amẹ́ríkà. Bí ẹ bá sì fẹ́ràn Honda, ẹgbẹ́ SCCA, àwọn tó ń ṣètò ìdíje mọ́tò níbẹ̀, gba ẹ́ńjìnnì Honda Fit 1.5 láyè nínú Formula Ford lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì Ford Kent, wọ́n sì fi àwo dín atẹ́gùn rẹ̀ kù kí méjèèjì lè dọ́gba. Ọ̀nà tí Honda fi lè wọ inú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, lójú tèmi.

ÌyáÌbejì_Bowie

Adé, àbúrò mi, o kú ilé. Àsíá tí a fi ń kìlọ̀ fún àwọn awakọ̀ ni iṣẹ́ tèmi. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń dúró ní kọ́nà ní Summit Point, aṣọ funfun lọ́rùn, àsíá lọ́wọ́.

O ní o fẹ́ kí ẹnì kan wà níwájú, kí ẹnì kan wà lẹ́yìn. Mọ́tò tó o fẹ́ kàn yẹn kò ní ẹlẹgbẹ́. Wọ́n á jù ọ́ sáàárín àwọn mọ́tò oníyẹ́ tó yára jù ọ́ lọ fíìfíì, wàá máa wo dígí ẹ̀yìn ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Mo ti rí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó kàn án fi ọdún mẹ́ta kàn. Ó sá ìyípo méjì, èéfín dé, wọ́n so okùn mọ́ ọn. Ojú ọkùnrin náà nígbà tí wọ́n ń wọ́ ọ kọjá níwájú mi kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Wá bá wa dúró ní kọ́nà fún òpin ọ̀sẹ̀ kan kó o tó ra ohunkóhun. A kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá wá ṣèrànwọ́, a sì máa ń fún un ní oúnjẹ ọ̀sán. Fúnra rẹ ni kó o ka iye mọ́tò tó jáde ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan.

Jọ̀ọ́, yọ owó aṣọ àti ààbò sọ́tọ̀ kó o tó ka owó ẹ́ńjìnnì. Àṣíborí, ohun tó ń di ọrùn mú, okùn tó ń so apá mọ́lẹ̀ kí ó má baà yọ síta bí mọ́tò bá dojú dé. Bí o bá ra mọ́tò tókunbọ̀, wo déètì tó wà lára bẹ́líìtì. Wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n ń kú.

Ọmọ_Géètì

Adé, àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ rẹ. Inú mi dùn sí ọ, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀.

Má ra ṣáásì yẹn. Má ra K20 yẹn. Kó o tó béèrè ẹ́ńjìnnì, béèrè àwọn tó o fẹ́ bá sáré, kó o sì béèrè bóyá ara rẹ wọ inú mọ́tò wọn.

Mẹkáníìkì ìjàpá ni bàbá mi, nítòsí Géètì, ní Agodi, n'Ìbàdàn. Ìjàpá nìkan ló ń tún ṣe. Bí o bá gbé Peugeot wá, á fi ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn hàn ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí ní 1975, ọdún tí ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ìjàpá ní ọ̀nà Badagry l'Ékòó, mo sì ti mọ bí iná ṣe ń tò nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lórí: ọ̀kan, mẹ́rin, mẹ́ta, méjì. Bàbá mi á ní kí n kì í bí oríkì. Sílíńdà kẹta ló ń pè ní Àbíkú, torí òun ló máa ń kọ́kọ́ kú. Ohun tí wọ́n fi ń tu ọ́ìlì dúró sójú ọ̀nà afẹ́fẹ́ tó ń lọ bá a, afẹ́fẹ́ náà ti gbóná kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí oníbàárà bá gbé ìjàpá wá, sílíńdà kẹta ni bàbá mi máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn.

Mo dé Maryland ní 1996. Ní 2011 ọmọ mi mú mi lọ wòran ní Summit Point. Oúnjẹ wà lẹ́nu mi nígbà tí mo gbọ́ ìró kan láti apá kọ́nà kẹwàá. Mo dìde. Ẹ́ńjìnnì ìjàpá ni, bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ sórí ojú ọ̀nà gbọọrọ. Omi bọ́ lójú mi. Ó ti tó ọdún méje tí bàbá mi ti lọ nígbà náà.

Ohun tí Formula Vee jẹ́ nìyẹn. Bíìmù iwájú ìjàpá, ẹ́ńjìnnì ìjàpá 1200, gíábọ́ọ̀sì ìjàpá, bíréèkì onílù ti ìjàpá, kí a wá fi páípù so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹgbẹ́ SCCA ti gbà á wọlé láti 1963. Niki Lauda, tó di ọba Formula One lẹ́yìn náà, wà á. Emerson Fittipaldi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tiwọn fúnra wọn ní Bùràsíìlì, Emerson ló sì gba ife Vee ilẹ̀ náà ní 1967, kó tó di ọba Formula One ní 1972 àti 1974. Kódà gíábọ́ọ̀sì Hewland tó wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ Formula Ford, irú èyí tí Káyọ̀dé ń wà, inú ilé gíà ìjàpá tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Wá wo ṣáásì Pennsylvania yẹn pẹ̀lú mi. Ẹni tó ya àwòrán rẹ̀, ẹ́ńjìnnì oníhọ́ọ̀sìpawa bíi 60 ló wà lọ́kàn rẹ̀. Páípù lágbára gan-an bí a bá ń tì í tàbí bí a bá ń fà á láti ìdí dé orí. Bí a bá gbé ẹrù lé àárín rẹ̀, á tẹ̀. Gbé ọ̀pá ìgbálẹ̀ lé àga méjì kó o fọwọ́ tẹ àárín rẹ̀, wàá rí ohun tí mò ń sọ. Gbogbo ọgbọ́n ṣáásì onípáípù ni pé kí ẹrù máa bọ́ sí oríkèé, níbi tí páípù mẹ́ta mẹ́rin ti pàdé. Ibi tí oríkèé wà nínú ṣáásì yẹn, ibẹ̀ ni bóòtù ìjàpá wà. K20 kò ní bóòtù níbẹ̀. Àárín páípù lo máa jó ìjókòó rẹ̀ mọ́.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló ń dẹ́rù bà mí jù. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ìjàpá kò ní oríkèé lẹ́bàá táyà, ìdí gíábọ́ọ̀sì nìkan ló ti ń ṣẹ́. Bí ẹ̀yìn bá gbé sókè nínú kọ́nà, táyà á ká sábẹ́, mọ́tò á dúró lórí etí táyà bí ẹni tó fẹsẹ̀ rọ́. Àwọn tó ń ṣe ṣáásì Vee wá ọgbọ́n sí i: sípírìn kan àti ṣọ́ọ̀kì kan ló ń gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, wọ́n jọ ń gòkè, wọ́n jọ ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀pá kan níwájú ló sì ń dá gba gbogbo ìtẹ̀sí mọ́tò. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ó so mọ́ gíábọ́ọ̀sì ìjàpá bí ọmọ ṣe so mọ́ ìwọ́. Bí o bá gbé Honda síbẹ̀, gíábọ́ọ̀sì Honda ló ń bá a bọ̀, ìbúú ló sì ń jókòó sí. Ẹ̀yìn náà á di títún kàn látòkèdélẹ̀: apá, ìdí táyà, ọ̀pá tó ń yí táyà. Omi ló ń tu Honda lára, nítorí náà rédíétọ̀ ń bọ̀. Bíréèkì onílù kò ní gba họ́ọ̀sìpawa 200, nítorí náà díìsìkì ń bọ̀. Nígbà tó bá parí, ẹ́ńjìnnì tuntun nìkan kọ́ lo fi sínú ṣáásì, ṣáásì tuntun lo ṣe, ìwọ tó o kọ́ irin jíjó fún oṣù mẹ́ta ló sì jó ibi tí ẹ̀mí rẹ jókòó sí. Mo ti bá ẹnì kan gbé irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ kúrò nínú koríko rí, ìjókòó ẹ́ńjìnnì ti já lápá kan. Ẹ̀mí rẹ̀ kò lọ, a dúpẹ́.

Nísinsìnyí, ara rẹ. Òṣùwọ̀n tí Vee kò gbọ́dọ̀ fúyẹ́ jù ni pọ́ùn 1,025, mọ́tò àti awakọ̀ papọ̀ lẹ́yìn eré. Vee tí èmi fúnra mi ní, láìsí mi nínú rẹ̀, jẹ́ 815. Ìwọ pẹ̀lú aṣọ, bàtà àti àṣíborí á tó 230. Àpapọ̀ rẹ̀ 1,045, ogún pọ́ùn ti lé. Lábẹ́ ẹ́ńjìnnì oníhọ́ọ̀sìpawa 60, wàá mọ̀ ọ́n lára bó o bá ń jáde ní kọ́nà kẹwàá, torí ọ̀nà gbọọrọ tó tẹ̀ lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà 3,000, ibẹ̀ lo ti máa fara pamọ́ sẹ́yìn ẹlòmíràn kí ó máa la afẹ́fẹ́ fún ọ, tàbí kí òun fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ. Òṣùwọ̀n Formula Ford jẹ́ 1,100, ṣùgbọ́n mọ́tò náà fúnra rẹ̀ wúwo jù Vee lọ.

Gíga rẹ ló ṣe pàtàkì jù. Irin tó yí po lẹ́yìn orí rẹ gbọ́dọ̀ fi íǹṣì 2 ga ju àṣíborí rẹ lọ. Ọ̀pọ̀ ṣáásì àtijọ́, àwọn èèyàn kúkúrú ni wọ́n ṣe é fún. Má san kọ́bọ̀ lórí ṣáásì tí o kò tíì jókòó sí pẹ̀lú àṣíborí lórí.

Frederick ni mò ń gbé. Wá jókòó sí tèmi.

Adé_Laurel

Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá Ọmọ Géètì. Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì, ẹ̀gbọ́n mi. Káyọ̀dé, mo gbọ́, mo ti gbé ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà jùnù.

Mo ka ọ̀rọ̀ Bàbá sétígbọ̀ọ́ ìyàwó mi. Nígbà tó dé ibi "ibi tí ẹ̀mí rẹ jókòó sí," ó ní kí n dúró, ó ní kí n tún un kà.

Bàbá, bí mo bá gbà pé Vee ni, ṣé ṣáásì Pennsylvania yẹn kò ní wúlò bí mo bá fi ẹ́ńjìnnì ìjàpá sí i bó ṣe yẹ kó rí? Dọ́là 3,500 ṣì ń fà mí. Kí sì ni kí n máa wò bí mo bá lọ wo mọ́tò tó pé? Ẹni tó bá ń tajà kò ní sọ àrùn ọjà rẹ̀.

Ọmọ_Géètì

Ṣáásì láìsí ẹ́ńjìnnì dà bí ilé láìsí òrùlé. Owó tó kù ló pọ̀. Ẹ́ńjìnnì Vee tí ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ti kàn, owó rẹ̀ nìkan lè kọjá ti ṣáásì yẹn, gíábọ́ọ̀sì ṣì kù. Ẹnu páípù tó ń gba epo àti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì lọ, èyí tó rí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lójú, òun ni àṣírí agbára Vee; àwọn kan ń fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn wá èyí tó dáa. Ra mọ́tò tó sáré lọ́dún tó kọjá. Mo ra tèmi ní dọ́là 7,500 ní 2016, pẹ̀lú ẹsẹ̀ táyà méjì àti gíábọ́ọ̀sì àfikún kan.

Bí o bá ná 8,000 lórí mọ́tò, 1,800 lórí tírélà tókunbọ̀, 2,300 lórí aṣọ àti ààbò, ó ṣẹ́kù 2,900 fún ilé-ẹ̀kọ́, ìforúkọsílẹ̀, táyà àti epo. Ó tó fún ọdún kan bí o kò bá kanjú. Táyà Vee kì í tètè jẹ.

Ní ti àyẹ̀wò, kọ́kọ́ béèrè ìwé mọ́tò. Gbogbo mọ́tò tó ń sáré lábẹ́ SCCA ló ní in, ibẹ̀ ni àwọn ayẹ̀wò ń kọ ọ́ sí bó bá ti forí gbá nǹkan. Bí kò bá ní ìwé, kúrò níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, lọ sẹ́yìn. Di púlì ẹ́ńjìnnì mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, tì í lọ, fà á bọ̀. Bó bá dún kọ́, tí o sì fojú rí i pé ó rìn, ibi tí kíránkì fẹ̀yìn tì ti jẹ, ẹ́ńjìnnì náà gbọ́dọ̀ tú palẹ̀. Bàbá mi kò nílò irinṣẹ́ kankan ju ìyẹn lọ láti mọ̀ bóyá kí òun ra ẹ́ńjìnnì ní Àràrọ̀mí tàbí kí òun fi í sílẹ̀. Ní kí wọ́n fi afẹ́fẹ́ dán sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò níṣojú rẹ, kó o sì fetí sí Àbíkú. Nínú eré, a ti yọ fáànù kúrò, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà ló ń tu ẹ́ńjìnnì, nítorí náà ẹni tó bá ń jẹ́ kó dúró gbọ̀ngbọ̀n pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì títàn kó tó wọ pápá ti sun nǹkan nínú rẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe é. Ìdáhùn rẹ̀ á fi hàn ọ́ bóyá ó mọ ohun tó ní.

Níwájú, gbé mọ́tò sórí jáàkì, di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, mì í. Bó bá ń mì, wo ibi tó ti ń mì: bíárìn táyà kò lówó lórí, pín-ìnnì ìdí ẹsẹ̀ lówó díẹ̀, bíìmù tó ti wọ́ lówó gan-an. Fi iná tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo ojú ibi tí wọ́n ti jó páípù mọ́ bíìmù. Ìlà tín-ín-rín bí irun orí ni wàá máa wá. Ọ̀dà tuntun níbì kan ṣoṣo yẹ kó mú ọ fura.

Ra sókẹ́ẹ̀tì 36 mílímítà. Nọ́ọ̀tì ìdí táyà ẹ̀yìn ni, nọ́ọ̀tì ìdí fíláíwíìlì náà sì ni. Pọ́ùn-ẹsẹ̀ 217 ni agbára tí wọ́n fi ń dè é. Ẹni tí kò bá ní in kò tíì ní ìjàpá.

Káyọ̀dé_Dartford

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. N kò ní bá yín jiyàn lórí ìjàpá. Síbẹ̀ màá sọ èyí: bí Adé kò bá wọ Vee, kó má fipá wọ̀ ọ́. Inú Van Diemen mi, orúnkún mi ń kan ìdí sítíárì ní gbogbo ìgbà tí mo bá yí kọ́nà Druids ní Brands Hatch, èmi tí n kò ga tó o. Mo ti kọ́ láti máa wakọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀.

Adé_Laurel

Ẹ kú àsìkò yìí o. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

Mo kọ́kọ́ lọ bá Ìyá Ìbejì dúró ní kọ́nà àkọ́kọ́. Vee mẹ́rìndínlógún ló jáde lọ́jọ́ Sátidé yẹn, Formula Ford márùn-ún. Mo ka gbogbo wọn. Mẹ́rin nínú Vee jọ dé ibi bíréèkì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹsẹ̀ kẹsẹ̀, èmi tí mo dúró lẹ́yìn ògiri ni mo di èémí mú.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí Frederick. Bàbá ti tú bọ́dì mọ́tò sílẹ̀ kí n tó dé. Mo wọlé, ejìká mi wọ̀, ẹsẹ̀ mi dé pẹ́dàlì láìká jù. Bàbá gbé ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan lé orí irin ẹ̀yìn, ó wọn ọ́n. Ìdajì íǹṣì ni àṣíborí mi fi kéré sí irin náà. Íǹṣì 2 ni òfin. A yọ fóòmù ìjókòó kúrò pátá, mo jókòó sórí irin gbalaja, ó di íǹṣì kan àti díẹ̀. Kò tó síbẹ̀.

Mo pe ọkùnrin Pennsylvania ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, mo ní kó bá mi wọn gíga irin ẹ̀yìn ṣáásì rẹ̀ láti ilẹ̀ ìjókòó. Ó fi íǹṣì mẹ́ta kéré sí ti Bàbá. Bí mo bá ti sanwó ni, ǹ bá ti jó K20 mọ́ mọ́tò tí àwọn ayẹ̀wò kò ní jẹ́ kí n wà jáde.

Ọ̀rẹ́ Bàbá kan ní Virginia ní Vee tí wọ́n ṣe láwọn ọdún 1990, awakọ̀ tó ga ju mi lọ ni wọ́n ṣe é fún, irin ẹ̀yìn rẹ̀ ga, ẹni náà sì fẹ́ fẹ̀yìn tì. Dọ́là 8,200 ló ń pè é, ìwé rẹ̀ pé. Èmi àti Bàbá máa lọ wò ó lọ́jọ́ Sátidé, aago mẹ́fà àárọ̀ la máa gbéra. Bàbá ní kí n gbé àṣíborí mi dání, kí n má sì sọ̀rọ̀ iye owó títí òun á fi fọwọ́ kan púlì.

Mo ti ra sókẹ́ẹ̀tì 36.